Ẹ Lọ Mú Ọkùnrin Wá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: n kò fẹ́ràn Màdámù Catherine Ojúọlápé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣí géètì fún ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún náà ni mo sì fi ń bínú sí i láìjẹ́ kó mọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ara òun kò yá, á ní kó máa lọ sílé. Bí ọdún bá dé, ìrẹsì tèmi kì í gbẹ́yìn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìwé kan báyìí, ìwé ọ̀hún kò sì ju ojú ewé kan ṣoṣo lọ.

Dàwódù ni orúkọ mi. Agége ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé nínú yàrá kan. Iṣẹ́ mi ni pé kí n ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, lẹ́yìn òpópónà Ọba Àkran, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti àga oníke. Màdámù ló ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ilé tó ń gbé ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ìyá Ìjọ ni nínú ìjọ Aládùúrà kan ládùúgbò ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun ló ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìn. Bó bá di Mọ́ńdè, bàtà gogoro ni, ẹ ó ti máa gbọ́ kò-kò-kò rẹ̀ kó tó yọ sí yín.

Ìwé tí mò ń wí ni fọ́ọ̀mù onídùúró. Ọmọbìnrin tó bá ríṣẹ́ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá tí yóò dúró fún un, pé bó bá jalè tàbí bó bá sá lọ, ẹni náà ni kí wọ́n dì mú. Ìyẹn kò burú. Ibi tó burú ni ìlà kẹta: onídùúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ìyá á tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá, ìyá tó bí i, tó rán an níwèé, tó fi ẹ̀bá tirẹ̀ sílẹ̀ fún un kó lè yó. Màdámù á gba fọ́ọ̀mù náà, á wo orúkọ orí rẹ̀ láti òkè awò ojú rẹ̀, á sì dá a padà. Kò ní jágbe mọ́ wọn. Ohun kan náà ló máa ń sọ.

"Mọ́mì, ẹ lọ mú ọkùnrin wá."

Ibo ni kí wọ́n ti mú un? Ọkọ ẹlòmíì ti kú, ti ẹlòmíì ti bá ọ̀nà lọ. Wọ́n á bá ẹnu géètì jáde, ojú wọn á ti pọ́n, wọ́n á sì rí èmi tí mo jókòó sórí àga oníke pẹ̀lú fìlà bí ti ṣọ́jà lórí. Ọkùnrin ni mí. Mo bá wọn fọwọ́ sí i. Àánú ló kọ́kọ́ mú mi ṣe é, nígbà tó yá ó di àṣà, àwọn ọmọbìnrin ilé ìkẹ́rùsí ń pè mí ní Bàbá Onídùúró. N kò mọ ilé ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ bi mí pé ṣé Màdámù kò mọ̀. Ó mọ̀ o! Orúkọ mi ló wà lórí ìwé gbogbo, òun náà ló ń kó wọn sínú fáìlì. Kò fìgbà kan bi mí pé báwo ni aṣọ́gèétì kan ṣoṣo ṣe bí ọmọ tó tó báyẹn. Ìwé ṣáà ti rí ọkùnrin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà òjò ọdún tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti mọ́ṣáláṣí, mo ń nu omi kúrò lára àga mi. Mo rí ọkọ̀ Màdámù tó já wọ iwájú géètì láìfọn fèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi nínú ẹrẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. N kò tíì rí ẹsẹ̀ Màdámù rí.

"Bàbá Dàwódù, ẹ bá mi ká lọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" nínú ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀ ti ń bára wa sọ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo fi géètì sílẹ̀ fún ẹnìkejì mi, mo sì wọnú ọkọ̀.

Inú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Olúwaníyì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ni ọlọ́pàá kó ní oríta kan ní Agége ní ọ̀sán àná. Àwọn ọmọ àdúgbò méjì ló ń bára wọn jà. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn tó ń jà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n kó. Olúwaníyì ń dúró de ẹni tó ń bá a tún fóònù rẹ̀ ṣe. Ọmọ náà ní ikọ́ fée. Bó bá dé sí i, àyà rẹ̀ á há, èémí rẹ̀ á máa dún fée bí ìgbà tí wọ́n ń fun afẹ́fẹ́ jáde nínú táyà. Ó ní ike kékeré kan tó fi ń fọ́n oògùn sọ́nà ọ̀fun. Orí kàńtà ni wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì àti okùn bàtà.

"Àtàárọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀," ni Màdámù wí. "Mo kó gbogbo ìwé mi lọ. Ìwé ilé mi, káàdì ibi iṣẹ́, ìwé owó orí, àti ìwé ikú bàbá ẹ̀ pàápàá. Mo sì mú nǹkan dání fún wọn. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé ní ìlú yìí."

"Ṣé wọ́n ní ó kéré ni, mà?"

"Wọn ò gbà á, Bàbá Dàwódù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ owó. Wọ́n ní kí n lọ mú ọkùnrin wá."

Mo yíjú sí i. Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Obìnrin yìí ń wo títì níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wà ní Adó-Èkìtì, Wòlíì ìjọ àwọn wà lórí òkè àdúrà, ó ti pa fóònù rẹ̀. Gbogbo àwọn onílé tó mọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Bí aago márùn-ún bá fi lù, ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé á ti lọ, Olúwaníyì á sì wà nínú àhámọ́ títí di Mọ́ńdè. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀rín kan fẹ́ yọ ní ikùn mi, ẹ̀rín burúkú. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ náà, ẹ̀rín ọ̀hún sì kú síbi tó ti fẹ́ yọ.

Àgọ́ ọlọ́pàá náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Jimoh ló wà ní kàńtà, ọkùnrin tó ti ń hu ewú, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: ó dìde fún Màdámù, ó gbé àga fún un, ó bi í bóyá ó fẹ́ mu omi. Lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bélì. Ó tẹ́ gbogbo ìwé Màdámù sílẹ̀ lórí kàńtà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ tẹ́ wọn kí wọ́n má bàa ká.

"Ìwé yín pé, Mọ́mì," ló wí. "Ó tiẹ̀ pé jù. Ọkùnrin nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé? Ìyá tó bí i nìyí. Ilé rẹ̀ nìyí. Kí lẹ tún ń wá?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Tọ́mọ yìí bá sá lọ, ẹni tó dúró fún un là ń tì mọ́lé. Ṣé obìnrin ni kí n tì mọ́lé? Mọ́mì bí èyí? À ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí n tó wọṣẹ́."

À ń bọ̀wọ̀ fún wọn! Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo jáde sí ìta, mo pe Nusrat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà, tó ń bá àwọn tí kò lówó ṣe ẹjọ́ ní kóòtù Ìkẹjà. Mo ròyìn fún un. Ó ní kí n gbé fóònù náà padà lọ sórí kàńtà, kí n ṣí ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ káàsán, Sájẹ́ǹtì," ni Nusrat wí. "Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala kejìlélógójì, sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fi jíjẹ́ obìnrin du èèyàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 sì dárúkọ ọ̀rọ̀ onídùúró gan-an. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin."

Ọdún 2015! Mo di etí kàńtà mú. Láti ìgbà yẹn ni òfin ti wà nílẹ̀, tí mo sì ń jókòó ní ẹnu géètì, tí mò ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ fọwọ́ síwèé bí ẹni pé aláàbọ̀ ara ni wọ́n. Òfin kàńtà ọlọ́pàá àti ti ilé-iṣẹ́ lè yàtọ̀ o, n kò kàwé débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jókòó níbì kan, ó ti rò ó, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí à ń ṣe kò dáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wo Màdámù. Ó ya ẹnu sílẹ̀, òun náà kò gbọ́ rí.

Sájẹ́ǹtì Jimoh mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Lọ́yà, òótọ́ lẹ sọ. Òfin yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ọkùnrin dání."

Ohùn Nusrat yí padà lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Dàwódù, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pé àwọn kọ̀. Ní Mọ́ńdè a máa gbé wọn lọ kóòtù, a sì máa borí. Irú ẹjọ́ yìí gan-an la ti ń wá."

Ìgbà náà la gbọ́ ikọ́ náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onírin tó wà lápá òsì ló ti wá. Kò pariwo. Ó dún fée, ó dákẹ́, ó tún dún, àárín méjèèjì sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Màdámù ti dìde kí èmi tó mọ ohun tó jẹ́.

"Lọ́yà, ẹ ṣeun," ló wí sínú fóònù. "Mọ́ńdè ni ẹjọ́ yín. Ìsinsìnyí lọmọ mi ń wá èémí." Ó kọjú sí mi. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Bàbá Dàwódù, ẹ fọwọ́ sí i."

Sájẹ́ǹtì fa fọ́ọ̀mù jáde. Ó bi mí bóyá mo nílé. Mo ní yàrá kan ni mo háyà. Ó bi mí níṣẹ́. Mo ní aṣọ́gèétì ni mí. Ó bi mí bóyá mo mọ ọmọ náà, mo ní mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Gbogbo ìwé ilé Màdámù ṣì tẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n mọ́. Mo ń retí pé kó ju bírò sílẹ̀, kó ní kí n máa lọ, pé irú èmi kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni. Inú mi ì bá tiẹ̀ dùn, nítorí ìyẹn ì bá mú ọgbọ́n dání díẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ ni.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?" ló bi mí.

"N kò jẹ́ nǹkan kan sí i."

"Ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ ká kọ bàbá. Ìyẹn ló yá jù."

Ó kọ ọ́. Bàbá. Ìwé ikú bàbá ọmọ náà wà lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Mo ń wo Màdámù láti mọ̀ bóyá ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan fa ìwé ikú ọkọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìgúnpá Sájẹ́ǹtì, ó ká a sí méjì, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀. Èmi sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n mú Olúwaníyì jáde. Ètè rẹ̀ ti dúdú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyá rẹ̀ ti gba ike oògùn náà lórí kàńtà, ó fi sí i lẹ́nu, ó ń kà á fún un bí ìgbà tó wà lọ́mọdé: fà á, dì í mú, tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Jimoh rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí wa tọkàntọkàn. "Ọmọ mi, dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ," ló wí fún ọmọ náà.

Olúwaníyì wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. Ìyá tó fi ẹsẹ̀ lásán sáré kiri láti àárọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kó ìwé rẹ̀ mọ́ra, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí à ń padà, ọmọ náà sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. A ti ń sún mọ́ ilé-iṣẹ́ kí Màdámù tó lanu.

"Àwọn obìnrin yẹn," ló wí. "Àwọn tí mo máa ń dá padà. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

Mo lè purọ́ fún un. Mo rò ó wò, kí n tàn án, nítorí ojú rẹ̀ ti wú. Inú tó ti ń bí mi láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbà fún mi.

"Ẹ rántí ìyá Moyọ̀sọ́lá, mà? Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Onígbòǹgbò, tó wọ góòlù kékeré sétí?"

Ó ní òun rántí.

"Ó dúró níwájú mi títí. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Nígbà tó yá ó na ìwé náà sí mi. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi jẹ́ ọkùnrin.'"

Màdámù gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó pa á. A ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí lẹ́yìn.

Mo ní, "Mà, ẹ má bínú o. Àwọn Íńdíà tó ni ilé-iṣẹ́, ṣé àwọn ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá."

"Ìjọba ni?"

"Èmi ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti tẹ̀ sí i. "Èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù yẹn, lọ́sẹ̀ tí mo wọṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ìyá mi tẹ̀lé mi wá láti Èkìtì, wọ́n dá a padà, ó lọ bẹ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta bébà lẹ́nu ọ̀nà. N ò tiẹ̀ rò ó. Mo kàn tẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé òfin ńlá kan ló wà lókè níbì kan, tí èmi àti àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò lè dé ibẹ̀, tí Màdámù kàn ń jíṣẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lókè. Obìnrin kan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, obìnrin tí wọ́n ti dá ìyá tirẹ̀ padà.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti Olúwaníyì lọ fara hàn ní àgọ́, wọ́n ní kí a máa lọ, pé kò lẹ́jọ́ kankan. Nusrat ṣì ń bínú sí mi pé mo fọwọ́ sí i. Ó ní à bá ti gba ẹ̀tọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ló sọ. Kàńtà yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àkọlé bélì ọ̀fẹ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè náà, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá fún iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Obìnrin kúkúrú tó wọ ìró àti búláòsì, ó sì kó ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá kí òjò má bàa pa á. Mo ṣí géètì fún wọn. Mo mọ bó ṣe máa parí. Mo fa bírò yọ lápò, mo dán an wò lójú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo tún àga mi jókòó, mo ń dúró.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde. Mo na ọwọ́ mi láti gba fọ́ọ̀mù náà. Ìyá náà wo ọwọ́ mi, kò yé e. Ó rò pé ìkíni ni, ó bá fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Mo ti fọwọ́ sí i."

Wọ́n jáde lọ sí títì, òun àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọn yóò sè. Kò wẹ̀yìn wò. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.